Ilé Tí A Kì Í Ti Í Dúpẹ́ Àná

Ìwé ńlá kan wà ní ọ́fíìsì wa lábẹ́ ilé, níbi tí a ti ń kọ gbogbo nǹkan tí àlejò bá gbàgbé sí yàrá. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìtura ńlá kan ní Victoria Island, ní Èkó, mo sì ti kọ oríṣiríṣi sínú ìwé yẹn: eyín àtọwọ́dá nínú ife omi, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, Kùránì kékeré, bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún tí kò ní ti òsì, òrùka ìgbéyàwó tí ẹnikẹ́ni kò padà wá béèrè. Ìlà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni kò kúrò lọ́kàn mi dòní. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ ní ọdún 1991: “Gààrí Ìjẹ̀bú, láílọ́ọ̀nù dúdú kan, lórí ìrọ̀rí.”

Kí n tó sọ bí gààrí ṣe dé orí ìrọ̀rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi fúnra mi ṣe dé ibẹ̀.

Nígbà tí mo gba iṣẹ́ náà ní ọdún 1988, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni màmá mi ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Òtẹ́ẹ̀lì! Létí àwọn ìyá wa nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ilé ọtí, kò sì jìnnà sí ilé aṣẹ́wó. Nígbà tí wọ́n máa lanu, ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí: “Ẹni tó bá ní ènìyàn nílùú, kí ló máa lọ fi òtẹ́ẹ̀lì ṣe?” N kò rí èsì fún wọn. Mo ní kí wọ́n wá fojú ara wọn wò ó bó bá ṣe wọ́n ní kàyéfì. Wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ àwọn dé ibẹ̀.

Ìbéèrè wọn nítumọ̀. Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá dé ìlú tí kò mọ̀ rí, ilé baálé kan ló máa wọ̀ sí. Wọ́n á bu omi fún un, wọ́n á bi í pé ọmọ ta ni, àti pé níbo ló ti ń bọ̀, wọ́n á sì tẹ́ ẹní fún un. Bí kò bá sí owó nílé, baálé á jáde lọ yá owó, kò sì ní jẹ́ kí àlejò mọ̀. Òun ni wọ́n fi ń sọ pé ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Àlejò náà ní gbèsè tirẹ̀ lọ́rùn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó di dandan kó sọ pé ẹ ṣé àná. Bó bá padà dé ìlú rẹ̀, á wá ẹni tó ń lọ sọ́nà ibẹ̀, á fi ọpẹ́ rán an. Bí ọmọ onílé náà bá sì ya ìlú tirẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún, ọmọ yẹn ti mọ ibi tí wọ́n á ti tẹ́ ẹní fún òun. Owó tí onílé yá á tán lọ́jọ́ kan. Ọpẹ́ tí àlejò jẹ, ọmọ a máa bá baba san án.

Ibi tí mo ti kọ́ òdìkejì gbogbo èyí ni wọ́n ti fún mi ní yunifọ́ọ̀mù.

Iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ ni títẹ́ ibùsùn. Bí ẹ bá rò pé ẹ mọ ibùsùn tẹ́, ẹ fara balẹ̀. Ẹ máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ ó sọ ohun tí ẹ wá ṣe, ẹ ó sì dúró díẹ̀ kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ ó fa kọ́tìnnì kí oòrùn wọlé, torí iná yàrá máa ń bá ìdọ̀tí bo àṣírí. Aṣọ tí àlejò sùn lé, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó máa ká a kúrò. Ẹni tó bá di gbogbo rẹ̀ pọ̀ gbàgàdà, inú rẹ̀ ni yẹtí àti eyín àtọwọ́dá máa ń gbà lọ sí láńdìrì. Bẹ́díṣíìtì tuntun, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ ó fẹ́ ẹ kó balẹ̀ sí àárín. Ẹni tó bá ń fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀yìn á ti máa ro ó kó tó dé yàrá kẹjọ.

Igun ni ọgbọ́n wà. Ẹ ó ki etí tó wà níbi ẹsẹ̀ bọ abẹ́ mátíráàsì. Ẹ ó wá gbé etí ẹ̀gbẹ́ sókè, kó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn ní igun mẹ́ta bí sàmósà. Èyí tó bá rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́, ẹ ó kì í wọlé. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá sọ sàmósà yẹn kalẹ̀, ẹ ó sì ki òun náà wọlé. Bó bá jẹ́ ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ṣe é, igun náà á mú bí etí àpòòwé. Ẹnu àpò ìrọ̀rí kò gbọdọ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Lákòótán ni ẹ ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń fi òrí pa ọmọ tuntun lára. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún yàrá kan, àti ibùsùn, àti bàlùwẹ̀. Yàrá 14 sí 16 lójúmọ́. Bẹ́díṣíìtì kan tí ẹ bá rí lórí ibùsùn, ìkejì rẹ̀ wà ní láńdìrì, ìkẹta wà lórí pẹpẹ tó ń sinmi. Ibùsùn tí kò bá ní mẹ́ta ti fẹ́ẹ́ dójú ti onílé.

Òfin tó ju gbogbo òfin lọ ni pé kí àlejò má rí wa. Ilẹ̀kùn kan wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó jọ ògiri. Bí ẹ bá tì í, ibẹ̀ ni kápẹ́ẹ̀tì ti máa pin, tí sìmẹ́ǹtì máa bẹ̀rẹ̀. Lífíìtì tiwa wà níbẹ̀, ariwo trọ́lì wà níbẹ̀, àwọn tó ń gbé àwo oúnjẹ ń bá àwọn tó ń gbé aṣọ ẹlẹ́gbin jà lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ wọlé. Níwájú ilẹ̀kùn yẹn, ẹ kò ní gbọ́ ìró kankan.

Ní Èkó, ìdákẹ́jẹ́ yẹn kì í wá fúnra rẹ̀. Níta, dánfó ń fọn fèrè, ọlọ́jà ń polówó, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń bú. Àwọn ọmọ ẹnjiníà tó wà ní ìsàlẹ̀ wa ló ń ṣe ìdákẹ́jẹ́, wọ́n ki nǹkan bọ etí ara wọn kí etí àlejò lè sinmi. Omi tó ń yọ ní bàlùwẹ̀, àwa la gbẹ́ kànga ẹ̀rọ rẹ̀, àwa la sì ń sẹ́ ẹ mọ́ kó tó gòkè. Ọkọ̀ dísù máa ń gba ẹ̀yìn wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí NEPA bá mú iná lọ, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́jú lásán. Iná á lọ, á dé, àlejò á rò pé ẹ̀rọ amúlétutù ló húkọ́. Lábẹ́ ilẹ̀ ni àwọn kan ti ń sáré. Ohun tí wọ́n ń pè ní àárín ìlú nínú ìwé ìpolówó wa, mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Àárín Èkó la kọ́ ilé sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a ń tà fún àlejò ni pé kí Èkó má wọlé.

Ìyá àgbà kan wá ní ọdún 1991. Ọmọ wọn ló mú wọn wá. Lọ́ńdọ̀nù ni ọmọ náà ń gbé. Ó wálé wá ṣe ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, ó sì ní ìyá òun ò ní sùn mọ́ èrò ní ilé ẹbí, ibi tó dára jù ní Èkó ni wọ́n máa sùn. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti wá, pẹ̀lú àpótí kan àti àpò kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kan ilẹ̀kùn wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi tó fẹ́ tún yàrá ṣe ni, Mà.”

“Wọlé, ọmọ mi. Ilẹ̀kùn ò tì.”

Ó tì o. Àwọn ni wọn ò mọ̀ pé ó máa ń ti ara rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i, mo bá wọn lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wé gèlè, wọ́n ń wo òkun. Ibùsùn wà bí mo ṣe tẹ́ ẹ lánàá, igun rẹ̀ kan ò yẹ̀. Lórí kápẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìró wọn wà, wọ́n ti ká a dáadáa.

“Ẹ ò sùn ni, Mà?”

“Mo sùn. Ilẹ̀ yín rọ̀ ju ẹní lọ.”

“Ibùsùn yìí ńkọ́?”

“Ta ló tẹ́ ẹ?”

“Èmi ni, Mà.”

“Ìwọ ni. Mo wò ó lálẹ́ àná, mo ní ẹni tó tẹ́ èyí ṣiṣẹ́. Ṣé kí n wá dùbúlẹ̀ lé e, kí n bà á jẹ́, kí ọmọ ọlọ́mọ tún máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun? Ọmọ ta ni ẹ́?”

Ọdún mẹ́ta ni mo ti lò nínú ilé yẹn, kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí lókè níbẹ̀. Orúkọ tó wà lórí báàjì mi ni àwọn àlejò máa ń kà, ìyẹn bí nǹkan wọn bá sọnù. Mo sọ orúkọ bàbá mi, mo sọ ìlú wa. Wọ́n ní àwọn ti ná ọjà wa rí nígbà tí àwọn ń ta àdìrẹ. Wọ́n béèrè oríkì mi, mo ní Àṣàkẹ́. “Àṣàkẹ́, o kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ò ní pa ẹ́.” Mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì yẹn, nínú yunifọ́ọ̀mù, ohun tí wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ ṣe.

Lọ́jọ́ kẹta, kí n tó dé òkè, wọ́n ti lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn yẹn, wọ́n sùn lórí ibùsùn náà. Bí mo ṣe mọ̀ ni pé wọ́n tún un tẹ́, igun rẹ̀ ò sì jọ tèmi. Lórí ìrọ̀rí ni láílọ́ọ̀nù dúdú wà, tí wọ́n ta ní kókó. Mo tú u wò. Gààrí Ìjẹ̀bú, funfun, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ń ta sánsán ní imú.

Mo mọ ẹni tó ni gààrí yẹn. Ṣùgbọ́n òfin ilé ni pé ohunkóhun tí àlejò bá fi sílẹ̀ sí yàrá, láìsí pé ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fi í ta òṣìṣẹ́ lọ́rẹ, ohun tó sọnù ni. Mo gbé e lọ sí ìsàlẹ̀. Ọ̀gá wa bi mí pé ìwé tó fi fún mi dà. Mo ní màmá náà kò mọ̀ọ́kọ. Ó ní nígbà náà, kí n kọ ọ́ sínú ìwé. Mo kọ ọ́. Oúnjẹ kì í pẹ́ níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí olówó rẹ̀ ò dé, wọ́n á dà á nù. Nígbà tí wọ́n ń dà á nù lọ́jọ́ kejì, mo wà níbẹ̀. Ó dún ṣààà nínú garawa.

N kò bínú sí ọ̀gá yẹn. Òfin yẹn ló ń gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀sùn olè, èmi náà sì fi kọ́ àwọn ọmọ tó wá lẹ́yìn mi. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìwé ńlá yẹn ní àyè fún ọjọ́, fún nọ́ńbà yàrá, fún irú nǹkan tí wọ́n rí àti ibi tí wọ́n ti rí i, ṣùgbọ́n ọpẹ́ kò rí àyè kankan wọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ọpẹ́ dé, ohun tó sọnù ni a kọ ọ́ sí.

Láti inú gààrí yẹn ni mo ti rí èsì ìbéèrè màmá mi. Ẹni tó ní ènìyàn nílùú, tó wá ń lọ gba yàrá ní ilé ìtura olówó ńlá, kì í ṣe tìtorí ibùsùn. Ó ní ibùsùn nílé. Ó sanwó kó má baà jẹ ẹnikẹ́ni ní ọpẹ́ ni. Bó bá wọ̀ sí ilé àbúrò bàbá rẹ̀ ní Sùúrùlérè, ó gbọ́dọ̀ ra búrẹ́dì lọ́nà, ó gbọ́dọ̀ dáhùn ìdí tí kò fi tíì fẹ́yàwó, ó gbọ́dọ̀ jẹ àmàlà tí kò wù ú, ó gbọ́dọ̀ jí fún àdúrà òwúrọ̀, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ á tún fi ẹ ṣé àná ránṣẹ́. Lọ́dọ̀ wa, á fa káàdì rẹ̀ yọ, á san gbèsè onílé àti gbèsè àlejò lẹ́ẹ̀kan náà, ó tán. Kò sí ilé mìíràn nílẹ̀ Yorùbá tí ènìyàn ti lè sùn, kó jẹ, kó mu, kí wọ́n fọ aṣọ rẹ̀, kó sì jáde láìwẹ̀yìn.

Ẹ má rò pé mo ń bú wọn. Obìnrin kan wà tí ọkọ rẹ̀ kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó gba yàrá lọ́dọ̀ wa fún ọjọ́ méjì, ó gbé àmì kí ẹnikẹ́ni má yọ òun lẹ́nu kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. Nígbà tó jẹ́ kí n wọlé, gbogbo aṣọ ìnura ló tutù. Ó ní, “Ẹ má bínú, Àǹtí. Nílé, bí mo bá ní kí n sunkún, gbogbo ilé ló máa bá mi sun ún. Èmi fẹ́ dá sun ún ni.” Mo kó aṣọ ìnura tuntun fún un, mo fi méjì lé e, mo jáde. Ilé ẹbí kò lè ṣe irú oore yẹn fún un. Ìgbà mìíràn wà tí ènìyàn nílò ibi tí wọn ò ti ní bi í pé ọmọ ta ni.

Àwọn òyìnbó tó sọ iṣẹ́ yìí di ọ̀ṣọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1889 ni ilé ìtura Savoy ṣílẹ̀kùn ní òpópónà Strand ní Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú iná mànàmáná àti lífíìtì nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń tan iná gáàsì. César Ritz, ọmọ àgbẹ̀ ará Switzerland, ló wá ṣe máníjà rẹ̀, òun náà ló wá fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ilé ìtura ní Párísì ní 1898 àti ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1906. Ohun tí wọ́n fi kọ́ wa nípa rẹ̀ ni pé kì í gbàgbé ohun tí àlejò fẹ́. Lónìí, kọ̀ǹpútà ló ń bá wa rántí: yàrá yìí ń fẹ́ ìrọ̀rí mẹ́rin, tọ̀hún kì í jẹ ata, ẹni yìí kì í fẹ́ kí yàrá òun sún mọ́ lífíìtì. Àlejò á dé lẹ́yìn ọdún méjì, á bá ìrọ̀rí mẹ́rin, inú rẹ̀ á dùn pé wọ́n mọ òun. A mọ̀ pé kì í jẹ ata. Ìyá Ìjẹ̀bú yẹn fi ìṣẹ́jú márùn-ún mọ̀ mí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, ilé tó bá ní owó nìkan ni òun ń béèrè, ó yẹ kó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọn kì í dúró lórí rẹ̀ nígbà kan. Ní ọdún 1943, Learie Constantine, ọmọ Trinidad, agbábọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì tí gbogbo Gẹ̀ẹ́sì ń pàtẹ́wọ́ fún, dé Imperial Hotel ní Russell Square, Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ó ti gba yàrá sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan ló lè sùn, torí àwọn àlejò funfun kan lè má fẹ́ ẹ. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ó jàre ní 1944, adájọ́ sì ní kí wọ́n fún un ní gíníì márùn-ún. Owó kékeré ni, ṣùgbọ́n ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé onílé ìtura kò lè ṣàdédé lé àlejò tó ní owó lọ́wọ́.

Ní Èkó tiwa ńkọ́? Ní ọdún 1947, Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọ́fíìsì àwọn amúnisìn ní Lọ́ńdọ̀nù, wá sí Èkó lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti gba yàrá fún un ní Bristol Hotel. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọmọ Sierra Leone ni bàbá rẹ̀, pé adúláwọ̀ ni, wọ́n ní kò sí àyè fún un. Nínú ìlú àwọn adúláwọ̀! Èkó gbóná; àwọn èrò ya bo ilé náà, ìwé ìròyìn kọ ọ́, àwọn olóṣèlú pa ẹnu pọ̀, títí Gómìnà Arthur Richards fi pàṣẹ lọ́dún yẹn kan náà pé kí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin. Cummings kan náà yìí, tí wọ́n lé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtura ní Èkó, òun ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ní 1948 pé kó lọ pàdé àwọn ará Caribbean tó bá ọkọ̀ ojú omi Windrush dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó sì wá ibi tí wọ́n máa sùn fún wọn. Ẹni tí wọn kò fún ní ẹní ló wá ń tẹ́ ẹní fún ẹlòmíràn. Nígbà tí Federal Palace ṣílẹ̀kùn ní 1960 láti gba àlejò òmìnira, tí Eko Hotel sì tẹ̀ lé e ní 1977, kò sí ẹni tó tún lè wo àwọ̀ ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà wọn. Lórí èyí, n kò bá màmá mi gbà pé òtẹ́ẹ̀lì kò wúlò. Ó dára kí ibì kan wà tí owó dúdú àti owó funfun ti jẹ́ owó kan náà.

Ìwọ̀nba tí mo lè ṣe sí ọ̀rọ̀ gààrí, mo ṣe é. Nígbà tí mo di ọ̀gá gbogbo àwọn tó ń tún yàrá ṣe, n kò yí òfin padà, ṣùgbọ́n mo fi ìbéèrè kan kún ti àwọn ọmọ tó wà níbi ìgbàlejò. Bí àgbàlagbà bá ń lọ, kí wọ́n bi í pé: “Ṣé ẹ fi nǹkan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lókè, Mà?” Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ni kí wọ́n bá a kọ ọ́. Ẹ̀wà, obì, ìwé àdúrà, aṣọ òkè, gbogbo rẹ̀ ló ti dé ọwọ́ ẹni tó ni ín látìgbà náà.

Mo fẹ̀yìn tì ní 2019. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ mi ní ọjọ́ ìbí mi kò ní lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n gba yàrá fún mi fún ọjọ́ méjì ní ilé ìtura mìíràn ní àárín ìlú, irú tí mo ti ń tọ́jú fún ẹlòmíràn láti ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́. Wọ́n ní kí n kàn lọ sinmi. Wọ́n fi dígí wo abẹ́ mọ́tò wa ní géètì, wọ́n gba àpótí lọ́wọ́ mi, wọ́n fún mi ní zobo tútù nínú ife gíláàsì.

Ọwọ́ ò lè ṣe kó má ṣe ohun tó mọ̀. Mo fi ìka yẹ ẹ̀yìn àga ìgbọ̀nsẹ̀ wò, ó mọ́. Mo wo ẹnu ìrọ̀rí, kò kọjú sí ọ̀nà. Igun mẹ́ta lórí ibùsùn dára, ìkẹrin ti yẹ̀. Mo gbé mátíráàsì, mo tún un ṣe. Agogo mọ́kànlá alẹ́ ni, ìyá àgbà nínú aṣọ ìwẹ̀ ilé ìtura, tó ń to sàmósà. Mo wá rántí Ìyá Ìjẹ̀bú, mo rẹ́rìn-ín débi tí mo fi jókòó sílẹ̀.

Láàárọ̀, wọ́n kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọmọbìnrin kan ni, kò tíì lè pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ó ti trọ́lì rẹ̀ sún mọ́ ògiri bó ṣe yẹ. Mo kí i kú iṣẹ́. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, “Ọmọ ta ni ẹ́?”

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fọwọ́ bo báàjì rẹ̀. “Mà, ṣé nǹkan kan sọnù ni?”

Mo ní rárá, kò sí nǹkan tó sọnù. Ó pẹ́ kó tó gbà mí gbọ́. Bàbá rẹ̀, ó ní, ará Ọ̀fà ni, ó ń tún táyà ṣe ní Mushin. Mo sọ fún un pé bàbá rẹ̀ tọ́ ọ dáadáa. N kò sọ̀rọ̀ igun kẹrin.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, wọ́n gbé ìwé owó fún mi, mo kà á láti òkè dé ilẹ̀, torí mo mọ̀ ọ́n kà. Owó yàrá. Owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́. Owó orí ọjà tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ìpín 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2020. Ìpín 5 nínú ọgọ́rùn-ún ti ìjọba Èkó, tó wà nínú òfin wọn láti 2009. Ẹ̀pà inú ìgò kan tí mo jẹ níbi tí mo ti ń wo tẹlifíṣọ̀n. Kò sí ohun tó ṣẹ́kù. Ọmọ mi fi káàdì rẹ̀ kan ẹ̀rọ, ó dún pẹ́ẹ́, a ti parí.

Lórí ìrọ̀rí lókè, mo ti fi owó sílẹ̀ nínú àpòòwé, mo sì kọ ọ́ gbàgàdà-gbàgàdà sí i lára, èmi tí mo mọ òfin: “Ti ọmọ tó tẹ́ ibùsùn yìí ni. Kò sọnù.” Mo buwọ́ lù ú, mo kọ nọ́ńbà yàrá.

Nílé, ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, ara mi kò balẹ̀. Bí ẹni tó jáde tó gbàgbé ìkòkò lórí iná. Ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án, mo wá nọ́ńbà ilé ìtura náà, mo pè wọ́n. Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé e, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dán gbinrin. Ó béèrè orúkọ mi, ó béèrè nọ́ńbà yàrá, mo gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ó béèrè ohun tí mo gbàgbé. Mo ní n kò gbàgbé nǹkan kan. Ó béèrè ohun tí wọ́n ṣe sí mi. Mo ní wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan.

“Mo kàn ní kí n kí yín ni. Ẹ ṣé àná o.”

Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tí ìka rẹ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó máa dáhùn, Gẹ̀ẹ́sì ti lọ.

“Háà, Mà,” ó ní. “Kò tọ́pẹ́.”